Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Ní Sùúrù?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò mọ sí orí bọ́ọ̀lù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ń gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà ní Neukölln. Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé bàtà bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó wá búrẹ́dì. Àwọn ọmọ wọ̀nyí a sì máa gbé ẹjọ́ kan náà bọ̀ wálé: “Màmá, wọn ò fi mí sí i. Orí bẹ́ńṣì ni mo wà títí wọ́n fi gbá a tán.” Ìdáhùn tí àwa òbí ń fún wọn kò ju ọ̀kan lọ: “Ọmọ mi, ní sùúrù.”

Ìdáhùn náà dára. Sùúrù ni baba ìwà, àwọn baba wa kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ṣé ọmọ nìkan ni a fẹ́ kí ó ní sùúrù? Akọ́nimọ̀ọ́gbá ńkọ́? Òbí ńkọ́? Àgbà tó di ipò mú ńkọ́? Ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tán, báwo ló ṣe ń di ẹni tí a lè gbé ipò lé lọ́wọ́, tí yóò sì máa borí níbẹ̀? Èrò tiwa ni pé sùúrù méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: sùúrù ẹni tó ń dúró de ipò, àti sùúrù ẹni tó ní ipò í fi fúnni. Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì kò lè dá a ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ewu ìkánjú, nítorí pé àpẹẹrẹ rẹ̀ tí gbogbo Jámánì mọ̀ jù lọ, àdúgbò wa yìí ló ti wá. Ní ọdún 1965, wọ́n yọ Hertha BSC kúrò nínú Bundesliga nítorí pé ó rú òfin tó de owó tí wọ́n ń san fún agbábọ́ọ̀lù. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù kò fẹ́ kí líìgì náà wà láìsí ẹgbẹ́ kan láti Berlin, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú ìlú tí ògiri pín sí méjì nígbà náà. Bí wọ́n ṣe nawọ́ sí SC Tasmania 1900 nìyẹn, ẹgbẹ́ àwọn ará Neukölln. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ṣì wà lẹ́nu ìsinmi. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, àwọn ènìyàn tó lé ní 80,000 kún inú Olympiastadion, Tasmania sì na Karlsruhe ní 2–0. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí sáà yẹn fi parí, nínú eré 34, méjì péré ni wọ́n borí, wọ́n ta ọ̀mì mẹ́rin, wọ́n sì pàdánù 28. Góòlù 15 ni wọ́n gbá sínú àwọ̀n ẹlòmíràn, 108 ni wọ́n gbá sínú tiwọn. Títí di òní, kò sí ẹgbẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo tó bẹ́ẹ̀ rí nínú Bundesliga. Ní ọdún 1973, gbèsè pa ẹgbẹ́ náà. SV Tasmania tí a mọ̀ lónìí ni wọ́n dá sílẹ̀ dípò rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe tán. Àwọn tó gbé wọn gòkè nílò orúkọ Berlin nínú ìwé wọn, wọ́n sì rí i. Tasmania ló jẹ ìyà rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ti ọmọ síwájú, ó yẹ kí a máa bi ara wa ní ìbéèrè yìí: àǹfààní ta ni a ń wá? Ṣé tirẹ̀ ni, tàbí tiwa?

Irú bọ́ọ̀lù mìíràn wà tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ yé ni, èyíinì ni bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ jù. Kò ṣàjèjì sí ìlú wa. Wọ́n dá líìgì kan sílẹ̀ ní Yúróòpù kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí àyè ní Amẹ́ríkà lè rí pápá tí wọn yóò ti kọ́ṣẹ́. Berlin Thunder gba ife-ẹ̀yẹ líìgì náà ní 2001, 2002 àti 2004. Hamburg Sea Devils gbà á ní 2007, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì pa líìgì ọ̀hún tì. Nínú eré yìí, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní quarterback. Ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tí yóò jù ú sí, bẹ́ẹ̀ àwọn géńdé ń sáré bọ̀ láti wó o mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ipò náà ń gbà. Ọ̀dọ́ tí kò bá tíì kàn, ìjókòó ni tirẹ̀.

Ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ tuntun kan ní Houston mú David Carr ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ yòókù tó jáde lọ́dún náà, wọ́n sì gbé ipò fún un lọ́jọ́ kìíní. Àwọn tó yẹ kí wọ́n máa dáàbò bò ó kò lágbára. Ìgbà 76 ni wọ́n wó o mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ ní sáà kan ṣoṣo, kò sì tíì sí ẹlòmíràn nínú líìgì náà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí tó bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún ló lò ní Houston, kò sì sí sáà kan tí ẹgbẹ́ náà borí tó ìdajì eré rẹ̀.

Ní ọdún 2005, Aaron Rodgers dé Green Bay, ó bá Brett Favre tó ti di ipò náà mú fún ọjọ́ pípẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jókòó, tó ń wò, tó ń kọ́ṣẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí ipò kàn án ní 2008, eré mẹ́fà ni wọ́n borí, mẹ́wàá ni wọ́n pàdánù. Ẹ dúró wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ọmọ ti ṣe sùúrù tirẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tí tirẹ̀ parí ni ti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè yọ ọ́ lọ́dún náà, àwọn èrò ìwòran ì bá sì pàtẹ́wọ́. Wọn kò yọ ọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ó gba Super Bowl fún wọn.

Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé ìjókòó ni oògùn. Ẹlòmíràn jókòó títí ó fi gbàgbé ohun tó mọ̀. Ìtàn ọmọ wa kan láti Ìlọrin fi èyí hàn, Köpenick tí kò jìnnà sí Neukölln ni ìtàn náà sì ti yí padà sí rere.

Oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni wọ́n bí Taiwo Awoniyi. Ó wà nínú ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju mẹ́tàdínlógún lọ, tó gba ife àgbáyé ní 2013. Ní 2015, Liverpool rà á. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nílé yóò ní ó ti dé èbúté. Kò tíì dé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Gbogbo ẹ̀yin tó ti tò rí ní ọ́fíìsì tí a ti ń gba ìwé ìgbé níbí mọ bí ìyẹn ti ń rí lára. Ni wọ́n bá ń yá a fún ẹgbẹ́ kiri: FSV Frankfurt, NEC ní Nijmegen, Mouscron ní Belgium, Gent, Mouscron lẹ́ẹ̀kejì, Mainz, àti níkẹyìn Union Berlin. Ìgbà méje láàárín ọdún mẹ́fà. Frankfurt já bọ́ sí líìgì ìsàlẹ̀ ní sáà tó lò níbẹ̀, NEC náà já bọ́ ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ní Mouscron ló ti kọ́kọ́ rí góòlù gbá déédéé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Mainz, eré líìgì 12 ló gbá, góòlù kan ṣoṣo ló rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020 ó fi orí gbá ti ẹlòmíràn lórí pápá, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ. Títí tó fi kúrò ní Liverpool, kò wọ aṣọ wọn nínú eré ìdíje kankan.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ó dé Union, lọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Urs Fischer. Eré líìgì 21 ló gbá ní sáà àkọ́kọ́, góòlù márùn-ún ló rí. Ẹni tó ń ṣírò owó nìkan lè sọ pé kò tó. Union rà á ní oṣù keje ọdún 2021. Ní sáà kejì, ó gbá góòlù 15 wọlé nínú Bundesliga, Union sì parí sí ipò karùn-ún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ó wọ aṣọ Super Eagles fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 2022, Nottingham Forest rà á, ló bá padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti tì í sẹ́yìn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, góòlù rẹ̀ kan ṣoṣo ni Forest fi na Arsenal, tí wọ́n fi dúró sí Premier League.

Kí ló yí padà? Ẹsẹ̀ kan náà ló fi ń gbá a. Ohun tó rí ní Köpenick tí kò rí rí láti ìgbà tó ti dé Yúróòpù ni ọdún méjì léraléra ní ojú kan, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan. Bí Union sì ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà bá a mu: wọn a gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú kíákíá, òun a fi agbára dì í mú, tàbí kí ó sáré gba ẹ̀yìn àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Láti 2015 ló ti ní sùúrù. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ẹni tí yóò ní sùúrù fún un.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí láti inú iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú léèsì oníbàárà. Yóò kọ́kọ́ gbálẹ̀, yóò lọ aṣọ, yóò gán bọ́tìnnì, yóò ṣẹ́ etí aṣọ. Lẹ́yìn náà ọ̀gá yóò fún un ní aṣọ iléèwé ọmọdé kí ó gé e. Bí ó bá bàjẹ́, àdánù rẹ̀ kéré, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un rán. Ọ̀gá tó bá gbé léèsì fún un lóṣù àkọ́kọ́ ti ba oníbàárà jẹ́, ó sì ti ba ọmọ náà lọ́kàn jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó jẹ́ pé omi ni ọmọ ń pọn fún un ní ọdún kẹrin, tí kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan aṣọ, olè ni. Ọdún ayé ọmọ ọlọ́mọ ló ń jí. Bí ó bá wá ń pe ìyẹn ní sùúrù, ó ń fi orúkọ rere bo ìwà burúkú mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè dáhùn pé: “Akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ṣe olùtọ́jú ọmọ. Torí kí ó lè borí ni wọ́n ṣe ń sanwó fún un. Ṣé ó tọ́ kí mẹ́wàá yòókù pàdánù nítorí ẹnì kan tó ń kọ́ṣẹ́?” Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn mẹ́wàá náà jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìwà àìtọ́ ni láti fi iṣẹ́ gbogbo wọn ṣe ìdánwò fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá jẹ gbogbo àgbàdo rẹ̀ lọ́dún yìí, tí kò fi èyí tí yóò gbìn pamọ́, kí ni yóò kórè lọ́dún tó ń bọ̀? Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí a wọn ẹrù. Kí a fún ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ó bá ṣubú, òun kò ní kú, ilé kò sì ní wó: ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí, ìdajì eré lọ́la. Wọn kò wọn ẹrù fún Tasmania. Wọn kò wọn ọ́n fún Carr.

Ipò tí a gbà kì í sì í ṣe ogún tí a jẹ kú. Antonio Rüdiger jẹ́ ọmọ Neukölln. Ọdún 1993 ni wọ́n bí i ní Berlin, Sierra Leone sì ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Sperber Neukölln, fún SV Tasmania, fún Neuköllner Sportfreunde àti fún Hertha Zehlendorf kí ó tó fi ilé sílẹ̀ lọ sí Dortmund ní 2008, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò rí àyè nínú ikọ̀ àgbà Dortmund. Stuttgart ló ti kọ́kọ́ gbá Bundesliga, ní oṣù kìíní ọdún 2012. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ó wọ aṣọ Jámánì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Hamburg. Ó jọ pé ìtàn ìdúró ti tán. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2020, ní Chelsea, bẹ́ńṣì tún ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sì ni nígbà náà, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Thomas Tuchel, dé ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó sì bá a ní ìmúrasílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Rüdiger wà lórí pápá nígbà tí Chelsea gba Champions League. Ní 2024, ó tún gbà á pẹ̀lú Real Madrid. Dortmund, ilé tó ti kọ́ṣẹ́, ni wọ́n nà níbẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé bẹ́ńṣì lè padà wá. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn máa ń bá lójú fò.

Òtítọ́ kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Àwọn tó rí ọ̀nà ni a ti ń dárúkọ. Ọ̀pọ̀ ló ní sùúrù bíi tiwọn, tí wọ́n ṣiṣẹ́ bíi tiwọn, tí ilẹ̀kùn kò sì ṣí fún. Sùúrù kì í ṣe owó tí a fi ń ra ipò. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ti ṣàkíyèsí láti ọjọ́ pípẹ́ pé àwọn ọmọ tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ń pọ̀ jù nínú ikọ̀ ọ̀dọ́, nítorí pé wọ́n ga, wọ́n sì lágbára ju àwọn tí a bí ní òpin ọdún kan náà lọ. Ọmọ tí a bí ní oṣù kọkànlá lè ní ẹ̀bùn ju ẹnikẹ́ni lọ, kí wọ́n sì yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí oṣù mẹ́wàá péré. Ẹni tó bá fi irú èyí pe ọmọ rẹ̀ ní aláìlè-ṣe-nǹkan ti ṣẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé fi gbọ́dọ̀ máa bá bọ́ọ̀lù rìn. Ọmọ tí gbogbo ìdílé fi ìrètí wọn lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹrù tó rù ti wúwo jù.

Ohun kan náà la ń rí ní ilé ẹ̀kọ́. Ní Hamburg, lẹ́yìn ọdún kẹrin ni àwọn ọmọ ń kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Berlin, lẹ́yìn ọdún kẹfà. Wọ́n á ní kí èyí lọ sí Gymnasium, kí ìyẹn gba ibòmíràn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tí èdè Jámánì kò tíì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, lè rò pé wọ́n ti ṣe ìdájọ́ òun. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tó ń dé Abitur, kí ẹ sì bá a rìn ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dúró sí orí “ní sùúrù” nìkan. Ẹ lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tó kù tí ọmọ yín ní láti kọ́, àti ìgbà tí yóò rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbá. Bí ó bá ní ìdáhùn, ẹ ti ọmọ lẹ́yìn kí ó padà síbi iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún ń gorí ọdún, tí kò sí ìdáhùn, tí kò sí bọ́ọ̀lù, kíkúrò níbẹ̀ kì í ṣe ìkánjú.

Àwa àgbà náà ní bẹ́ńṣì tiwa. Nínú ẹgbẹ́ wa àti nínú ilé wa, ìgbà mélòó ni a ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé àwọn ni aṣáájú ọ̀la, tí ọ̀la náà kò sì dé? Ọ̀dọ́ tí a kò jẹ́ kí ó darí ìpàdé kékeré, báwo ni yóò ṣe darí ńlá? Yóò ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é níwájú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nígbà mìíràn tí ọmọ bá ti orí bẹ́ńṣì dé pẹ̀lú ojú kíkorò, ẹ ṣì lè sọ fún un pé kí ó ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyókù rẹ̀ kún un: “Àwa náà yóò ní sùúrù fún ọ.” Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìlérí náà ṣẹ.